Ìbú àti Òòró: Ìgbésí-Ayé Margaret Farrar, Ìyá Àdììtú Ọ̀rọ̀

Nínú gbogbo eré tí àwọn àgbà Yorùbá fi ń la ọmọdé lọ́yẹ, kò sí èyí tí òfin rẹ̀ le tó ti àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tó bá pa àlọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Bí àwọn tó jókòó tì í bá wá ìtumọ̀ náà títí tí wọn kò rí i, tí wọ́n sì túúbá, èyí tí yóò fi hàn wọ́n gbọ́dọ̀ bá àlọ́ náà mu tó bẹ́ẹ̀ tí kálukú yóò fi máa bá ara rẹ̀ wí pé irú nǹkan tó wà nítòsí báyìí ni òun kò rí. Bí kò bá bá a mu, ariwo ni wọn yóò pa lé e lórí, àlọ́ tirẹ̀ sì ti tán ní alẹ́ ọjọ́ náà. Òkùnkùn wà nínú àlọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí ẹ̀tàn níbẹ̀.

Àwọn Òyìnbó ní irú àlọ́ kan tí wọn kì í fi ẹnu pa. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, kírósíwọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ń pè é. Ẹni tó bá ti ṣí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì rí kò lè ṣàì ti rí àwòrán rẹ̀: àpótí ńlá onígun mẹ́rin tí wọ́n pín sí yàrá kéékèèké, tí àwọn kan funfun, tí àwọn kan sì dúdú. Lẹ́tà kan ni ó ń gbé inú yàrá funfun kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ń lọ ní ìbú, àwọn mìíràn ń sọ̀kalẹ̀ ní òòró, ibi tí méjèèjì bá sì ti pàdé, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọn yóò jọ máa lò. Ẹ̀gbẹ́ àpótí náà ni wọ́n ń to àwọn atọ́nà sí, ìyẹn ni àwọn ìbéèrè ṣókí tí yóò darí òǹkàwé sí ọ̀rọ̀ tí a ń wá. Àdììtú gidi ni: ẹnì kan ló dì í, ẹlòmíràn ni yóò tú u.

Nígbà tí eré yìí kọ́kọ́ dé, kò ní òfin kankan tó múlẹ̀. Àṣìṣe kún inú rẹ̀, ẹ̀tàn wà níbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tó fún un ní òfin, tó sì sọ ọ́ di àṣà tí àìmọye ìdílé ní Amẹ́ríkà ń ṣe bí wọ́n bá ti jí, ni obìnrin kan tí kò kà á sí rárá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé e lọ́wọ́. Petherbridge ni orúkọ ilé bàbá rẹ̀. Margaret Farrar ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1897 ni wọ́n bí i ní Brooklyn, ní ìlú New York. Ó lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Smith, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó sì jáde níbẹ̀ ní ọdún 1919. Ìyẹn jẹ́ ọdún kan gééré kí òfin tó fún àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi lọ obìnrin tó kàwé lákòókò náà kò pọ̀. Margaret ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ìgbà díẹ̀, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1921, nípasẹ̀ ẹnì kan tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó di akọ̀wé fún John O'Hara Cosgrave, ẹni tí í ṣe olóòtú ìwé ọjọ́ Ìsinmi ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn New York World. Iṣẹ́ oníròyìn ni ó wù ú. Kírósíwọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé fún un.

Kì í ṣe òun ló dá eré náà sílẹ̀. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn World yìí kan náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. Àwòrán tirẹ̀ dà bí àpótí tí a gbé dúró lórí igun kan, kò sì sí yàrá dúdú kankan nínú rẹ̀. Word-Cross ni Wynne sọ ọ́. Láìpẹ́ ọjọ́, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ojú ìwé náà ṣì, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn síwájú, ó di Cross-Word, wọn kò sì yí i padà mọ́. Eré tí àṣìṣe sọ lórúkọ, kò yẹ kó yani lẹ́nu pé àṣìṣe kò jìnnà sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé kórìíra rẹ̀ nítorí wàhálà àwọn yàrá àti nọ́ńbà rẹ̀. Bí nọ́ńbà kan bá sọnù, kò sí ẹni tó ń wá a. Àwọn ọ̀gá ti gbìyànjú rí láti yọ ọ́ kúrò, àwọn òǹkàwé sì fárígá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1921, ó ti sú Wynne fúnra rẹ̀.

Bí Omidan Petherbridge ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kò dára, kò sì sẹ́ ẹ nígbà tó dàgbà. Àwọn òǹkàwé ni wọ́n ń di àdììtú wọ̀nyí ránṣẹ́ láti ilé wọn. Òun a mú èyí tí àwòrán rẹ̀ bá wu ojú, a sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé láìtú u wò. Bí àwọn ènìyàn bá kọ lẹ́tà láti fẹ̀sùn kan an pé atọ́nà kan kò sí, tàbí pé ọ̀rọ̀ kan kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan, ó gbà pé àwọn tí iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ wọn ni. Ó ka kírósíwọ́ọ̀dù sí iṣẹ́ tí wọ́n fi ń dá a dúró kí ó má baà rí iṣẹ́ gidi ṣe.

Ní ọdún 1922 ni Franklin P. Adams dé sí World. Gbajúmọ̀ akọ̀wé ni Adams, gbogbo New York ló ń ka ohun tó bá kọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó fẹ́ràn kírósíwọ́ọ̀dù. Bí èyí tó jáde ní ọjọ́ Ìsinmi bá ti ní àbùkù, ọ̀dọ̀ Margaret ni yóò wá pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, yóò sì to àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún un. Kì í jẹ́ kí ó sinmi. Lẹ́yìn tí èyí ti ṣẹlẹ̀ léraléra, Margaret jókòó lọ́jọ́ kan láti tú ọ̀kan nínú àwọn àdììtú tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí. Kò rí i tú. Kì í ṣe pé ọgbọ́n rẹ̀ kò tó. Iṣẹ́ náà ni kò dára. Àwọn atọ́nà kan kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà, àwọn kan ń tọ́ka sí ohun tí kì í ṣe òtítọ́, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì jẹ́ èyí tí ẹlẹ́ran ara kankan kò lè mọ̀. Ìgbà náà ni ó yé e pé àwọn tí òun ti ń kà sí aláìníṣẹ́ ń ná wákàtí odidi lórí ohun tí kò ṣeé tú, pé òun ni ó sì ń fi wọ́n ṣòfò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà di ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ. Ó gbé ọwọ́ òsì lé ìwé atúmọ̀ èdè, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹlẹ́rìí ní ilé ẹjọ́, ó sì búra pé láti ọjọ́ náà lọ, òun yóò ṣe iṣẹ́ kírósíwọ́ọ̀dù bí ó ti yẹ kí a ṣe é. Ẹ̀rín wà nínú ìbúra náà. Síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni nígbà tó ṣe é, kò sì yẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú ní ọmọ ọdún 87.

Láti ìgbà náà, kò sí àdììtú kan tó jáde tí kò kọ́kọ́ tú lórí bébà ìdánwò tí ilé ìtẹ̀wé bá gbé wá. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní World, Prosper Buranelli àti F. Gregory Hartswick, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin. Wọ́n ní àwòrán àpótí gbọ́dọ̀ bára mu, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá da ìwé ìròyìn délẹ̀ yóò ṣì rí àwòrán kan náà. Wọ́n ní yàrá dúdú kò gbọdọ̀ pọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́fà lọ. Wọ́n dín àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́ kù. Àwọn ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì lọ kúrò pátápátá nígbà tó yá.

Òfin tó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan ní ìbú, èkejì ní òòró. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Bí òǹkàwé kò bá mọ orúkọ odò kan tí wọ́n béèrè ní ìbú, àwọn ọ̀rọ̀ tó bá tú ní òòró yóò fún un ní lẹ́tà orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ bá ti kùnà, ìlẹ̀kùn mìíràn ṣí sílẹ̀ fún un. Yàrá tí kò bá ní ju ọ̀nà kan lọ, ìdè ni. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú fi ń sọ pé Margaret kò fi òfin rẹ̀ mú àwọn tó ń tú àdììtú bí kò ṣe àwọn tó ń dì í.

Ó yẹ fún àròjinlẹ̀ bí òfin yìí yóò ti rí bí ẹnì kan bá fẹ́ di irú àdììtú bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá. Lẹ́tà kan náà ni a fi ń kọ igba tí í ṣe òǹkà, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí í ṣe àkókò, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bí ọ̀rọ̀ tó ń lọ ní ìbú bá gbé àmì òkè lé fáwẹ̀lì kan, ọ̀rọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ ní òòró gbọ́dọ̀ gbé àmì kan náà lé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan yóò máa fọ ohùn méjì. Ẹni tó bá pa àmì tì yóò tètè ṣe tán, ṣùgbọ́n Margaret ìbá ti dá iṣẹ́ náà padà fún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1924, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí ọjọ́ orí ọ̀kankan wọn kò tíì pé ọgbọ̀n, Richard Simon àti Max Schuster, ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé iṣẹ́ atẹ̀wé sílẹ̀, wọn kò sì ní ìwé kan tí wọn yóò tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn òbí Simon, obìnrin kan, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí òun ti lè ra ìwé tí ó kún fún kírósíwọ́ọ̀dù láti fi ta ìbátan kan lọ́rẹ. Kò sí irú rẹ̀ lágbàáyé. Àwọn méjèèjì tọ Margaret, Buranelli àti Hartswick lọ. Adams, tí ó fẹ́ràn eré náà tó bẹ́ẹ̀, kìlọ̀ fún wọn pé gbèsè ni wọn yóò fi jẹ. Ẹ̀rù ba àwọn náà pẹ̀lú, wọn kò jẹ́ fi orúkọ ilé iṣẹ́ wọn sí ìwé náà. Plaza Publishing Company ni wọ́n kọ sí i lára, orúkọ tí wọ́n yọ láti inú nọ́ńbà tẹlifóònù wọn. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1924 ni ó jáde. Ẹ̀dà 3,600 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, dọ́là 1.35 ni wọ́n ń tà á, wọ́n sì so pẹ́ńsùlù mọ́ ọn lára.

Ohun tó tẹ̀lé e kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò. Ìwé náà tà ju 100,000 lọ, òmíràn sì tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé ìyẹn. Ilé iṣẹ́ rélùwéè Baltimore and Ohio gbé ìwé atúmọ̀ èdè sínú ọkọ̀ ojú irin fún àwọn èrò. Aṣọ tí wọ́n ya yàrá dúdú àti funfun sí jáde sọ́jà. Ilé iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì náà di ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, Simon & Schuster ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni inú wọn dùn. Ìwé ìròyìn New York Times, tí àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún ju gbogbo àwọn yòókù lọ, kọ ọ̀rọ̀ olóòtú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà láti bu ẹnu àtẹ́ lu kírósíwọ́ọ̀dù. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni fífi àkókò ṣòfò bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe eré ìdárayá, kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́, àti pé kò ní pẹ́ tí yóò fi kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò gba kírósíwọ́ọ̀dù kankan láyè fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn mìíràn gbà á, tiwọn ń tà, Times takú.

Ní ọdún 1926 Margaret fẹ́ John Farrar, akéwì àti atẹ̀wé, ẹni tó wá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Farrar, Straus and Giroux. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ó fi iṣẹ́ World sílẹ̀, World fúnra rẹ̀ sì kógbá sílé ní ọdún 1931, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun láti máa ṣe olóòtú àwọn ìwé àdììtú fún Simon & Schuster. Inú ilé rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é, láàárín ọmọ títọ́ àti àlejò ṣíṣe. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìwé ni kò mọ̀ pé abiyamọ ló ń bá wọn ṣeré.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941 ni àwọn ará Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, Amẹ́ríkà sì wọ ogun àgbáyé. Kí oṣù náà tó parí, Lester Markel tó ń darí ìwé ọjọ́ Ìsinmi ní Times kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀, Arthur Hays Sulzberger, pé ó tó àkókò tí àwọn gbọ́dọ̀ ní kírósíwọ́ọ̀dù. Ìyáàfin Farrar ni ó ti bá sọ̀rọ̀. Èrò obìnrin náà ni pé wákàtí òkùnkùn ń bọ̀ tí ìjọba yóò ní kí àwọn ènìyàn pa iná ilé wọn nítorí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá, wọn yóò sì jókòó sínú ilé tàwọn ti ẹ̀rù. Ẹni tó bá ń já àlọ́ lọ́wọ́ kò lè máa ronú nípa ìdààmú rẹ̀ ní àkókò kan náà. Sulzberger pàápàá fẹ́ràn eré náà, ìwé ìròyìn mìíràn ni ó sì ti ń rà láti rí i ṣe.

Ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1942 ni kírósíwọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ jáde nínú New York Times, Margaret Farrar sì ni olóòtú rẹ̀. Charles Erlenkotter ni ó di èyí tó tóbi, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìròyìn àsìkò náà kún inú rẹ̀. Èyí tó kéré wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀rín, orúkọ ẹni tí wọ́n ní ó dì í sì ni Anna Gram. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn Òyìnbó a máa pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n da lẹ́tà rẹ̀ rú tí wọ́n sì tún un tò di ọ̀rọ̀ mìíràn ní anagram. Ẹni tó bá ka orúkọ obìnrin náà pọ̀ láìdánudúró yóò gbọ́ ọ.

Òfin kan wà tí Ìyáàfin Farrar fi lélẹ̀ ní Times tí wọn kò tíì yé jà lé lórí. Ó ronú nípa ibi tí àwọn ènìyàn ti ń tú àdììtú rẹ̀: lórí tábìlì oúnjẹ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí ife kọfí wà lápá kan, tí àwọn ọmọ sì wà ní ìtòsí. Nítorí náà kò gbà kí orúkọ àrùn wọ inú àpótí rẹ̀, tàbí ikú, tàbí ohunkóhun tó lè ba oúnjẹ jẹ́ lẹ́nu ènìyàn. Bí ẹni tó dì í bá ní kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè gba igun náà, yóò ní kó tú igun náà palẹ̀ kó tún un ṣe. Àwọn kan sọ pé fífi ojú pamọ́ fún ayé ni èyí. Bóyá. Ṣùgbọ́n ìròyìn àwọn òkú ogun ń jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́dún 1942 sí 1945, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó ti tábìlì wọ̀nyẹn ni ọmọ wọn sì wà lójú ogun. Obìnrin náà kò sọ pé ikú kò sí. Ojú ewé kan ṣoṣo ni ó yà sọ́tọ̀ tí kò ní dé. Àwọn Yorùbá tí kì í pe ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ, tí wọ́n ń pè é ní Olóde tàbí ilẹ̀ gbígbóná, kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni àdììtú Times fi ń jáde fún ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1950, ó di ojoojúmọ́. Yàrá 15 ní ìbú, 15 ní òòró ni wọ́n fún ti ojoojúmọ́, àwọn tó sì ń dì í kì í rí orúkọ wọn níbẹ̀. Iṣẹ́ olóòtú wá di méje lọ́sẹ̀. Bí àdììtú bá ń jáde lójoojúmọ́, ewu tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ kan náà yóò máa padà wá, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ kúkurú tí fáwẹ̀lì pọ̀ nínú wọn kò tó nǹkan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkàwé yóò há wọn sórí, yóò sì máa kọ wọ́n sílẹ̀ láìronú. Ọ̀nà méjì ni Ìyáàfin Farrar gbà là á.

Ọ̀nà kìíní ni eré inú atọ́nà. Tẹ́lẹ̀ rí, atọ́nà kò ju ìtumọ̀ gbẹrẹfu inú ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn tó fi ọ̀rọ̀ dárà láyè. Irú rẹ̀ ni kí atọ́nà sọ pé flower kan wà ní Paris. Òǹkàwé yóò máa wá orúkọ òdòdó, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n flow ni kí omi máa ṣàn, ohun tó bá sì ń ṣàn ni flower lójú ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń la ọ̀rọ̀ sí méjì. Odò Seine tó ń ṣàn la ìlú Paris kọjá ni ìdáhùn rẹ̀. Ó ṣe kòńgẹ́ pé òdòdó àti odò kò jìnnà síra ní èdè Yorùbá náà. Àwọn ará London a máa fi irú àwàdà bẹ́ẹ̀ di gbogbo àdììtú wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ìyáàfin Farrar kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni ó ṣe ń bù ú, kí ẹni tó ti rẹ̀ má baà sọ ìwé ìròyìn nù.

Ọ̀nà kejì ni ó sọ àdììtú di odidi iṣẹ́ ọnà. Dípò kí àwọn ọ̀rọ̀ gígùn inú àpótí máa wà bí àlejò tí wọn kò mọ ara wọn, kókó kan ṣoṣo ni yóò so wọ́n pọ̀, a kò sì ní sọ kókó náà fún òǹkàwé. Òun ni yóò rí i fúnra rẹ̀ bó ti ń tú u lọ. Harold T. Bers, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ìpolówó ọjà, wà lára àwọn tó mú irú èyí wá fún un. Ká ní ẹnì kan fẹ́ fi ológbò ṣe kókó, tó sì fi Catalogue ṣe àkọlé. Ìwé tí a to orúkọ ọjà sí ni ọ̀rọ̀ náà, àwọn lẹ́tà mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ ológbò. Òǹkàwé kò ní fura. Yóò tú orúkọ òkè kan ní ìpínlẹ̀ New York, Catskill. Lẹ́yìn náà yóò tú Kitty Hawk, àdúgbò tí àwọn Wright ti fò nínú ọkọ̀ òfuurufú ní ọdún 1903. Bó bá tún tú pussyfoot, tó túmọ̀ sí kí ènìyàn máa yọ́ rìn, ojú rẹ̀ yóò là pé ológbò ni gbogbo wọn gbé pamọ́ sórí, yóò sì padà wo àkọlé. Láti ìgbà náà yóò ti mọ bí ọ̀rọ̀ gígùn tó kù yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò ní jẹ́ pé ó há nǹkan kan sórí.

Àwọn gbólóhùn tó ju ọ̀rọ̀ kan lọ náà wọ inú àpótí nígbà tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìwé àti eré orí ìtàgé. Eugene Maleska, olùkọ́ ní New York, gbé ọgbọ́n kan wá ní ọdún 1964 nínú èyí tí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yóò máa sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ àpótí. Ìyáàfin Farrar gbà á. Lẹ́tà tó ń kọ sí àwọn tó ń di àdììtú fún un ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù: bí ó bá dá iṣẹ́ padà, yóò sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, yóò sì ní kí wọ́n tún gbìyànjú. Ó ti wà ní ipò ẹni tí Adams ń bá wí rí.

Ní ọdún 1969, òfin ìfẹ̀yìntì ilé iṣẹ́ Times mú un, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Will Weng. Ọmọ ọdún 71 ni. Kò jókòó sílé. Ó ń ṣe olóòtú àdììtú fún àwọn ìwé ìròyìn mìíràn, títí kan ti ìlú Los Angeles, ìwé Simon & Schuster sì ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. John Farrar kú ní ọdún 1974. Maleska tó mú ọgbọ́n àtẹ̀gùn wá ni ó di olóòtú ní Times ní ọdún 1977, lẹ́yìn Weng. Àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí Margaret ti lé jáde rí ọ̀nà padà wọlé díẹ̀díẹ̀ nígbà tirẹ̀, àwọn òǹkàwé kan sì ń ráhùn. Kò sí ẹni tó gbọ́ kí ìyá àgbà náà bá wọn dá sí i.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1984 ni Margaret Farrar kú ní ìlú New York. Ìwé kẹrìnléláàádóje nínú ọ̀wọ́ tí òun, Buranelli àti Hartswick bẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún ṣáájú ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.